Ìjì Tó Jà Lórí Àna Mi

Ilé Gbẹ́nàgbẹ́nà,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Àràndún.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúwatìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó. Bí ó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun tán ná, nítorí kò sí ẹni tó kú, ìyá rẹ sì ń mí dáadáa. Mo kí ọ, mo kí Motún ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ yín tó ń fi ẹnu fa fóònù nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ọlọ́run tó ń mú yín jáde lówùúrọ̀ nínú ariwo Èkó tó sì ń mú yín wọlé nírọ̀lẹ́ kò ní fi yín sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ ó jèrè rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sẹ́yìn, iwájú ni wọn ó máa tì yín sí. Àmín.

Ilé dára. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n bí òjò náà bá rọ̀ tán á tún fúyẹ́, nítorí náà a kì í mọ̀ bóyá ká gbàdúrà kí òjò rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Àwọn tó ti gbin àgbàdo ń wo òkè. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì rí bí eérú, wọ́n sì ti jẹ etí aṣọ ìkélé tí Motún fún wa. Mo kan àga gígùn tuntun fún àwọn akọrin, wọ́n ní ó le jù, mo ní orin ni wọ́n wá kọ, wọn kò wá sùn. Iná mọ̀nàmọ́ná ń wá, ó sì ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe wà nìyẹn.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ yìí, ṣe ni mo ń yí ọ̀rọ̀ ká bí ajá tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Mo gbé fóònù láti pè ọ́, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e, mo tún gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí n kò fi lè pè ọ́ lórí èyí tó ń fi ojú hàn yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ náà ni ọ̀já orí tí o fún mi ń bá sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn. Kí n tó mú bírò, mo ti wé ọ̀já náà sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, mo sì fi ayùn lé e lórí.

Nígbà tí o pè tí o béèrè bí àwọn ará Èsìẹ́ ṣe wá tọrọ Inúmidùn àbúrò rẹ, mo ní wọ́n sún un síwájú. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Wọ́n wá. Èmi ni mo lé wọn lọ.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O rántí pé ní Àjíǹde, nígbà tí dókítà ní Ọ̀mù-Àrán sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ìwọ lo mú ọ̀já dúdú yẹn wá, èyí tó rí bí ohun tí àwọn ọmọbìnrin fi ń di irun. O ní kí n máa dè é mọ́ iwájú orí, kí n pa ojú dé, kí n máa ṣe àṣàrò. O ní ó ń gbọ́ ìgbì tó ń rú nínú ọpọlọ mi. Bí ọkàn mi bá balẹ̀, ẹyẹ á máa ké nínú fóònù, bí ọkàn mi bá sì ń rìn gbéregbère, òjò á máa rọ̀, ìjì á máa jà. O sọ ọ́ dáadáa, n kò lè dá ọ lẹ́bi. Èmi ni mo gbọ́ ọ ju bí o ṣe sọ ọ́ lọ.

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe rí. Láti kékeré ni mo ti ń fi lẹ́fẹ̀lì wọn pákó. Omi inú lẹ́fẹ̀lì kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Bó bá ní pákó kò tẹ́jú, kò tẹ́jú náà nìyẹn, ì báà jẹ́ ọba ló gbé iṣẹ́ wá. Nítorí náà mo rò pé ó tó àkókò tí wọ́n ṣe lẹ́fẹ̀lì fún inú ọmọ ènìyàn.

Níbẹ̀rẹ̀, kò gbọ́ mi rárá. Mo ti fi òrí pa iwájú orí mi kí ó lè dán, fóònù sì ń kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan. Mo rò pé ọpọlọ mi ló ti tán. Inúmidùn ló fi aṣọ tútù nù mí lójú kí ó tó gbọ́. Òun náà ló ń ka orúkọ àwọn ìgbì náà fún mi. Ó ní ọ̀kan ń jẹ́ Álífà. Ìyẹn dẹ́rù bà mí díẹ̀, torí èmi jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, n kò mọ ọ̀nà tí Áfáà gbà wọ orí mi. Mo bi Àlàájà àbúrò ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ti àwọn baba wa tó kọ́kọ́ kírun ni. Inúmidùn ní èkejì ń jẹ́ Bẹ́tà, mo ní ìyẹn ni mo fẹ́, kí wọ́n fi kún un, torí ohun tó bá ti bẹ́tà, ó dára náà nìyẹn. Ó ní Bẹ́tà kò dára fún ẹni tó fẹ́ sinmi. Mo ní ta ló wá sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní Délítà ń pọ̀ bí mo bá ń tòògbé. N kò dé ìpínlẹ̀ yẹn rí, n kò sì ní èèyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fóònù á kọ ọ́ pé òun ti sẹ́fù rẹ̀ sínú kílàúdù. Mo bi Inúmidùn ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní sẹ́fù ni kéèyàn gba nǹkan là, kílàúdù ni àwọsánmà. Mo lọ sọ fún Pásítọ̀ Ọlábọ̀wálé pé ẹ̀rọ ń gbà mí là sínú àwọsánmà láràárọ̀. Pásítọ̀ wò mí, ó ní kí a máa rìn pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lò. Bí mo bá pa ojú dé tí mo rò ó pé mò ń fá pákó ìrókò, tí èépá rẹ̀ ń ká jáde lábẹ́ ọwọ́ mi, ẹyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Inú mi dùn, ó sì wá dùn kọjá bó ṣe yẹ. Mo gbé e jáde sí ìta. Àwọn aládùúgbò ń wá, mò ń dè é fún wọn, mò ń wo ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú fóònù, mo sì ń sọ ohun tí n kò mọ̀. Mo sọ fún ìyá kan pé ó ní ẹnì kan tí kò tíì dárí jì. Ó sunkún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àbí ta ni kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo sọ fún ọkùnrin kan pé inú rẹ̀ mọ́ bí omi òjò, ó fún mi ní àkùkọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ. Pásítọ̀ tún wá bá mi, ó ní bí alàgbà ìjọ bá ń jẹ́ ẹlẹ́yẹ, ṣé a kò ní ṣe àlàyé fún àwọn àlejò. Mo ní ẹyẹ fóònù ni, kì í ṣe ẹyẹ òru.

Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí àwọn ará Èsìẹ́ wá.

Muaz ni ọmọkùnrin náà. Ìwọ náà ti bá a sọ̀rọ̀, o ní ohùn rẹ̀ tutù. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Àlàájì Sàlíhù bàbá rẹ̀ wá, Jàrátù ìyá rẹ̀ wá, àwọn àgbà ilé wọn díẹ̀ bá wọn wá. Wọ́n gbé iṣu wá, iṣu tó tóbi tó fi jẹ́ pé ẹnì kan kò lè dá a gbé rù, wọ́n gbé òróró wá, wọ́n gbé oyin wá. Pásítọ̀ gbàdúrà, Àlàájì náà ṣe tirẹ̀, gbogbo wa jọ ṣe àmín. Kò sí ìjà ẹ̀sìn níbẹ̀. Ilé wọn ń kírun, ilé wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà, ìwọ náà mọ̀ pé ọdún Iléyá ni a ti ń jẹ ẹran jù nínú ilé yìí.

Nígbà tí ó kù kí n sọ pé mo gbọ́, mo sì gbà, ni mo dìde. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè díẹ̀. Mo wọ yàrá, mo gbé ọ̀já orí jáde, mo padà wá jókòó. Ìyá rẹ na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò.

Mo ní kí Muaz bọ́ fìlà, kó wá jókòó sórí àpótí láàárín pálọ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ. Mo de ọ̀já náà mọ́ ọn lórí, mo ní kó pa ojú dé. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ràn ọmọ mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹyẹ kan ké, ó sì dákẹ́. Mo bi í pé ṣé kò ní gbé ọwọ́ sókè lù ú láéláé. Ó ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mo wá bi í, lójú ìyá tó bí i, pé ṣé kò sí obìnrin mìíràn tó fi pamọ́ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó mì. Ó ní kò sí, sà. Ìjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú fóònù yẹn, ìjì gidi, bí èyí tó ń ká páànù.

Mo gbé fóònù sókè kí wọ́n lè rí ìlà náà tó ga bí òkè. Mo ní ẹ̀rọ kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Mo ní inú ọmọkùnrin yìí kò mọ́, n kò sì lè fi ọmọ mi fún ẹni tí inú rẹ̀ ń jà bẹ́ẹ̀.

Jàrátù fa ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Àlàájì Sàlíhù gbé fìlà rẹ̀ tó wà lórí orúnkún, ó dé e, ó dìde. Ó ní, Bàbá Tìmílẹ́yìn, ṣé nítorí pé à ń kírun ni? Mo ní rárá o, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dára, kí Ọlọ́run fún olúkúlùkù ní sùúrù tirẹ̀. Muaz fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ọ̀já náà. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu òógùn tó wà lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ jáde. Wọn kò gbé iṣu wọn.

Inúmidùn wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin jókòó sí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilé dá, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀rọ ló kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń kí mi o. Ó ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń ka oògùn mi sínú abọ́ kékeré bó ṣe máa ń kà á, ó ń lọ aṣọ ìsìn mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó máa ń sọ ohun tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọ́ ṣe lójúmọ́ títí ìyá rẹ á fi ní kó jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn. Ìyá rẹ ní tirẹ̀ kọ̀ láti se iṣu náà, ó sì kọ̀ láti dá a padà. Iṣu náà wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, bí mo bá wọlé òun ni mò ń rí, bí mo bá ń jáde òun ni mò ń rí.

Pásítọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí, kò bá mi wí. Ó ní kí n de ọ̀já yẹn mọ́ òun lórí kí òun fi gbàdúrà. Inú mi dùn, mo rò pé àwọn ẹyẹ á kún ilé. Ó pa ojú dé, ó ká iwájú orí jọ bó ṣe máa ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìlú, fún àwọn aláìsàn, fún òjò. Ìjì tó jà, Olúwatìmílẹ́yìn, ju ti Muaz lọ. Ṣe ni mo yí fóònù dojú bolẹ̀. Ojú tì mí fún un. Mo ń rò ó nínú mi pé kí ni ọkùnrin yìí ti ṣe, tí a sì jẹ́ kó máa ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wa.

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó fara ti àga. Ìyá rẹ ń gún iyán lẹ́yìn ilé. Kò pẹ́, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀kan, òmíràn, títí pálọ̀ fi dà bí oko. Ó la ojú. Ó ní, Alàgbà, iyán tí ìyá ń gún ni mò ń rò. Ṣé bí mo bá ń gbàdúrà fún yín inú mi kò mọ́, bí mo bá ń ro iyán yín ni inú mi mọ́?

Ó ní kí n wo ojú òun. Ó gé eyín rẹ̀ pọ̀, ìlà ga sókè. Ó la ẹnu, ìlà bọ́ sílẹ̀. Ó ká iwájú orí jọ, ó tún ga. Ó ní ẹran ara ló ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọkàn, òun ti bi ọmọ òun tó ń kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ó sì ní ìgbì ọpọlọ kéré púpọ̀, eyín téèyàn bá gé pọ̀ lásán tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣe é gan-an kò sọ pé ó mọ olóòótọ́. Mo dè é mọ́ ara mi lórí. Mo gé eyín pọ̀. Òjò dé.

Ìgbà yẹn ni mo rántí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Muaz tó mì. Mo rántí pé mo mú ọmọ ọlọ́mọ, olùkọ́, mo gbé e jókòó sórí àpótí níwájú àwọn àgbà, mo ń bi í ní ìbéèrè tí a kì í bi ẹran. Ó lè dá mi lóhùn bó ṣe yẹ. Ó lè bọ́ ohun náà kó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Kò ṣe é, torí Inúmidùn. Eyín ló gé pọ̀ mọ́ ohun tó fẹ́ sọ sí mi. Ìfaradà rẹ̀ ni mo gbé sókè tí mo ń fi han àwọn èèyàn, tí mo pè ní èérí inú.

Ọ̀já náà ṣì wà lórí mi nígbà tí ìyá rẹ wọlé pẹ̀lú ọmọrí odó lọ́wọ́. Ó jókòó. Ó ní, Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ má tíì tú u. Ó ní, ṣé ẹ fẹ́ kí Inúmidùn lọ sílé ọkọ?

N kò dúró gbọ́ ohun tí fóònù máa wí. Mo fa ọ̀já náà kúrò lórí bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ ọ́ nírun, mo sì jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo dúró síbi tí àwọn ewúrẹ́ wà.

Ọmọ mi, òun ló kẹ́yìn. Ìwọ lọ, a kò sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ tó tẹ̀ lé ọ lọ, a kò sọ̀rọ̀. Bí òun náà bá lọ, èmi àti ìyá rẹ ni a ó máa wo ojú ara wa, ta ni yóò ka oògùn fún mi, ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ìròyìn ń lọ. Mo mọ̀ pé kò sí bàbá tó ń jókòó lé ọmọbìnrin lórí bí adìyẹ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n wá yẹn, ohun tí mò ń wá ni ẹnì kan tó máa bá mi sọ pé rárá, kí ó má jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́. Mo sì rí i. Kò lẹ́nu tó lè fi já mi.

A lọ sí Èsìẹ́, èmi, ìyá rẹ àti Pásítọ̀, nínú mọ́tò Pásítọ̀. Nígbà tí a dé, Àlàájì Sàlíhù wà lórí ẹní níwájú ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, ìwọ náà mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo nà gbalaja lórí yẹ̀pẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo ní, Àlàájì, mo ṣẹ̀ yín, mo ṣẹ ọmọ yín, n kò ní àwíjàre. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní èmi ni n kò fẹ́ kí ọmọ mi lọ.

Kò ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ewúrẹ́ wọn kan wá gbóòórùn ẹsẹ̀ mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ yẹn mo rí i pé ẹ̀sín tó tọ́ síni kì í pani, ó kàn máa ń tẹni mọ́lẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé mi dìde. Jàrátù gbé omi wá, kò wo ojú mi. Àlàájì ní, Bàbá Tìmílẹ́yìn, ohun tí ẹ ṣe kò tán sínú pálọ̀ yín. Ó ní lọ́jà Ọ̀mù-Àrán, obìnrin kan bi Jàrátù pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ òyìnbó rí ẹ̀mí èṣù nínú orí ọmọ rẹ̀. Ó ní Jàrátù kò lọ sí ọjà láti ìgbà náà. Mo fi ojú wá ihò tí n bá wọ̀. Ó ní, èmi ti gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni ẹ gbé jókòó sórí àpótí. Ó pe Muaz.

Ó jáde láti inú yàrá, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n dárí ji òun, kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ̀rọ yẹn kò ṣìṣe. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, inú bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ṣé mo fẹ́ràn Inúmidùn, mo sì dá yín lóhùn. Ó ní, ẹnu ni mo fi dá yín lóhùn. Ẹ̀yin ni ẹ ń wo fóònù.

Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Èmi kò lè sunkún, ó ti kọjá ibẹ̀.

Àlàájì ní àwọn kò ní padà wá sílé wa láti tún tọrọ ohun tí àwọn ti tọrọ. Ó ní èmi ni n óò wá sí Èsìẹ́, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, níwájú ẹbí wọn àti àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jà, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe, bí mo ṣe fi ẹnu ara mi bà á lórúkọ jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa ṣe àna. Mo ní mo gbà. Kí ni mo tún fẹ́ wí.

Nígbà tí a délé, Inúmidùn gbé oògùn mi wá nírọ̀lẹ́. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, kò lọ. Ó ní, Bàbá, ẹ ti jẹun? Mo ní mo ti jẹun. N kò tíì jẹun. Ó jókòó sórí àga kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ọmọ kan ní kíláàsì òun fi ẹ̀wà sí imú. Ìyá rẹ yí ohùn ìròyìn wálẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Bá mi wá owó díẹ̀ kí n fi ra ohun mímu tí kò ní ọtí nínú àti àgbò kan, kí a má wọ ilé wọn ní ọwọ́ òfìfo. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì mi. Wọ́n ní kí n wá gbé ojú mi síwájú ẹ̀rọ wọn, kí n ṣẹ́jú, kí n yí orí sọ́tùn-ún, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi gan-an ni. N kò fẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn wo ojú mi ní àsìkò yìí. Fi rán Bùkárì awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Ọ̀mù-Àrán, ó mọ ilé wa. Má bínú pé mo pa irọ́ fún ọ, má sì bínú sí ẹ̀bùn tí o fún mi, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ jù lọ kò ní owó nínú. Bí wọ́n bá lè fún ọ láyè níbi iṣẹ́, wá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń darí ìpàdé àwọn alàgbà, ṣùgbọ́n n kò dúró níwájú èèyàn rí láti sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Wá dúró tì mí ní Èsìẹ́. Bí ohùn mi bá ń gbọ̀n, má bá mi sọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́ pẹ́, má kí mi láyà. Ìwọ ṣáà dúró síbi tí mo ti lè rí bàtà rẹ bí mo bá sorí kọ́.

Ọlọ́run kò ní fi ọ sí ipò tí wàá ti máa wá ẹni tó máa bá ọ sọ òtítọ́ rẹ. Ọmọ rẹ kò ní dójú tì ọ́, ìwọ náà kò ní dójú tì í. Ilé rẹ á máa ní ọ̀rọ̀ nínú. Ibi tí o bá ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọn á gbé ọ dìde.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Jòhánù Awóyẹmí,
Gbẹ́nàgbẹ́nà.